Ẹ Wo Ẹni Tí Kò Sọ̀rọ̀

Ẹkún ni mò ń tà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mo wá ṣe láàárín àwọn ṣọ́jà àti àlùfáà, èsì tí mo máa ń fọ̀ nìyẹn, wọ́n á sì rò pé mò ń ṣàwàdà. Láti ìgbà èwe ni mo ti ń ṣeré orí ìtàgé ní Òṣogbo, ìlú tí Dúró Ládípọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Mbari Mbayo sílẹ̀ sí lọ́dún 1962. Mo ti ṣe ayaba, mo ti ṣe àjẹ́, mo ti ṣe ìyàwó kékeré tí ojú rẹ̀ rí màbo lọ́wọ́ ìyáálé. Ní báyìí tí orúnkún ò jẹ́ kí n jó pẹ́ mọ́, opó ni mò ń ṣe, nínú yàrá tí kò ní aṣọ ìkélé, níwájú àwọn òǹwòran tí kò san kọ́bọ̀.

Bàbá kan ló fa iṣẹ́ yìí wá. Àlùfáà ni wọ́n nínú iṣẹ́ ológun kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, wọ́n sì ti padà sí ilé tí wọ́n kọ́ sí apá Òkè-Báálẹ̀. Bàbá Ológun ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Wọ́n kó àwọn tí wọ́n jọ sìn jọ, Fáàdá kan wà níbẹ̀, Lèmọ́mù kan wà níbẹ̀, wọ́n wá ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ wọ irú iṣẹ́ náà: àwọn pásítọ̀ tí irùngbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, àwọn ọmọ ilé kéú tó ti gba dìgírì, àti àwọn ṣọ́jà tó ti ń ṣe olùrànlọ́wọ́ àlùfáà ní bárékè. Kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba o. Gbọ̀ngán kan ni wọ́n ń háyà lọ́nà Ìkìrun, àga oníke ló kún ibẹ̀, pẹ̀lú fáànù méjì tí ọ̀kan nínú wọn ń pariwo ju bó ṣe ń fẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá bá mi nílé, wọ́n ní, "Ìyá Dúpẹ́, àwọn ọmọ wọ̀nyí mọ Bíbélì, wọ́n mọ Kùránì. Ṣùgbọ́n bí obìnrin bá ṣubú lulẹ̀ níwájú wọn, wọn ò mọ ibi tí wọ́n á kọjú sí. Ẹ bá mi wá ṣubú lulẹ̀." Mo ní, "Bàbá, èló?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé iṣẹ́ àlùfáà ológun kò ju kó máa gbàdúrà kí ìbọn má ba àwọn ọmọ ogun. Ìyẹn kéré níbẹ̀. Òun ló ń ṣe ìsìn fún wọn, òun ló ń lọ wo aláìsàn ní ọsibítù àti ẹni tí wọ́n tì mọ́ gáàdírúùmù, òun ló ń parí ìjà tọkọtaya tí iṣẹ́ ti yà nípa fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù, òun ló ń sin òkú. Òun náà ló sì yẹ kí ọ̀gá ológun máa bi léèrè bí ọkàn àwọn ọmọ tó ń darí ṣe rí. Nínú ẹgbẹ́ ológun orí ilẹ̀ Nàìjíríà, ẹ̀ka mẹ́ta ni wọ́n pín iṣẹ́ náà sí: ti Kátólíìkì, ti Pùròtẹ́sítáǹtì, àti ti Ìsìláàmù. Ẹni tó ti kàwé gboyè tí àwọn aṣáájú ẹ̀sìn rẹ̀ sì fọwọ́ sí lè gba ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Direct Short Service wọlé, kó sì di ọ́fíṣà. Ẹgbẹ́ ológun tó jẹ́ pé gbólóhùn àmúyangàn rẹ̀ ni pé láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run nìkan ni ìṣẹ́gun ti ń wá kò lè má wá ẹni tí yóò máa bá a bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀.

Òyìnbó kọ́ ló sì kọ́ wa pé ogun ò ṣeé lọ láìmú ẹni Ọlọ́run dání. Ní nǹkan bí ọdún 1840, nígbà tí ogun Ìlọrin dó ti Òṣogbo, tí ogun Ìbàdàn wá gbà wá sílẹ̀, kò sí balógun tó jẹ́ gbéra láìdífá. Àwọn àgbà ìlú yìí ò tilẹ̀ fún Ìbàdàn ní gbogbo ògo ọ̀hún. Wọ́n ní Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ló para dà di obìnrin, tó gbé ẹ̀fọ́ yánrin lọ tà fún àwọn ọmọ ogun Ìlọrin, wọ́n jẹ ẹ́ tán, inú bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lẹ́nu, apá ò ká ogun mọ́. Lèmọ́mù tó ń kọ́ wa ní kíláàsì, ọmọ Ìlọrin ni wọ́n. Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n gbọ́ ìtàn náà bẹ́ẹ̀ nílé. Wọ́n ní ohun tí àwọn gbọ́ nílé ni pé bí àwọn bá dé Òṣogbo, kí àwọn má jẹ ẹ̀fọ́.

Ìyẹn dùn ún sọ, àmọ́ olùrànlọ́wọ́ àlùfáà, ṣọ́jà tó ń bá a rìn lẹ́nu iṣẹ́, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Bí ètò tí mò ń kópa nínú rẹ̀ ṣe ń lọ rèé. Wọ́n á to yàrá kan bí ilé ṣọ́jà: bẹ́ẹ̀dì, àga méjì, sítóòfù kẹrosíìnì tí ìkòkò wà lórí rẹ̀. Èmi á pọn ọmọláńgidi. Obìnrin tí mò ń ṣe kò tó ẹni ogójì ọdún. Ojú tèmi ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n iná gbọ̀ngán náà ò mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fún àlùfáà àti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ní ìwé pélébé kan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọkọ obìnrin yìí kú lánàá lójú ogun ní Borno, kí wọ́n lọ sọ fún un. Àwọn yòókù á jókòó ti ògiri, wọ́n á máa wò. Irú opó tí mo fẹ́ jẹ́ lọ́jọ́ náà, èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Pásítọ̀ kan wà, ọmọ dáadáa. Ó wọlé, mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní kí wọ́n jókòó. Ó bi mí léèrè ọmọ, ó bi mí léèrè ọjà, ó ní ṣé oòrùn tó mú báyìí ò dí wa lọ́wọ́. Mo ń wo ọ̀rọ̀ bó ṣe ń há a lọ́fun. Nígbà tó yá, ó ní, "Màdáámù, ẹ má mikàn o. Ọkọ yín ṣèṣe díẹ̀, wọ́n ti gbé wọn lọ sí ọsibítù ní Maiduguri. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

Ẹni tó bá ti wò mí lórí ìtàgé rí mọ̀ pé n kì í jẹ́ kí irú àyè bẹ́ẹ̀ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Kó tó dijú tán, mo ti fò sókè. "Ọlọ́run ṣeun! Wọ́n wà láàyè!" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Mo ki ṣòkòtò ọkọ mi sínú báàgì, mo bu ọbẹ̀ sínú fúláàsì, mo ń bi Pásítọ̀ pé mọ́tò Maiduguri, ṣé Old Garage ni mo ti máa wọ̀ ọ́ ni àbí ó di Ìbàdàn. Mo ní kó yá mi lówó ọkọ̀. Mo ní kó bá mi pe dókítà kí n gbọ́ ohùn ọkọ mi. Pásítọ̀ dúró, ó la ẹnu, kò rí ọ̀rọ̀ kankan fi dí i. Kò lè ní kí n jókòó, kò sì lè wá sọ nígbà yẹn pé ó ti kú. Irọ́ tó fi rẹ̀ mí lẹ́kún ti di ẹrù tí mo gbé lérí, mo sì ti ń lọ síbi ilẹ̀kùn.

Olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Kọ́pùrà sìgbọnlẹ̀ kan ni. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo ògiri. Ìkòkò ń hó lórí sítóòfù. Ọmọláńgidi já bọ́ lẹ́yìn mi, kò gbé e. Mo gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó yẹra fún mi.

Nígbà tí Bàbá ní kí kíláàsì sọ ohun tí wọ́n rí, Pásítọ̀ ni gbogbo wọn dojú kọ. Irọ́ tó pa, àdúrà tó yára sí jù, bó ṣe yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Wọ́n sọ ọ́ títí ọmọ náà fi ń làágùn. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Kọ́pùrà rárá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti yí ojú mi kúrò lára ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Kí a tó bá Pásítọ̀ wí jù, irọ́ yẹn kì í ṣe ti rẹ̀, ti gbogbo wa ni. Èwo nínú wa ni bàbá rẹ̀ kú nílé nígbà tó wà lókèèrè, tí wọ́n pè é lórí fóònù tí wọ́n ní bàbá rẹ ti kú? "Ara Bàbá ò yá díẹ̀, tètè máa bọ̀." Ẹni tí wọ́n pè á mọ̀, kò ní fẹ́ mọ̀, á wọkọ̀. Fún ẹni tó ní láti wakọ̀ láti Èkó, àánú wà nínú ẹ̀, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó ṣọ́jà kò ní ibì kankan tó ń lọ. Inú ilé tó wà yẹn náà ni yóò ti gbọ́ òótọ́ lọ́la, lẹ́nu ẹlòmíì, yóò sì rántí ẹni tó kọ́kọ́ wá.

Mo rántí bí àwọn ìyá wa ṣe ń túfọ̀. Ìdájí ni, kí ilé tó jí tán. Ẹnì kan kì í dá lọ. Àgbà ọkùnrin kan ni yóò sọ̀rọ̀, gbólóhùn kan, bó pọ̀ tán méjì. Àwọn obìnrin tó tẹ̀ lé e kò ní sọ nǹkan kan. Ọ̀kan á ti rìn lọ sẹ́yìn ẹni tí wọ́n wá bá, ọ̀kan á ti kó àwọn ọmọ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ọ̀kan á ti gbé ọ̀bẹ kúrò nílẹ̀, ọ̀kan á ti fa igi kúrò nínú iná. Kí igbe tó ta, ilé ti wà ní ìmúrasílẹ̀. Ohun tó ṣe wá ni pé a mú ọ̀rọ̀ dídùn dání, a fi àwọn obìnrin náà sílé. Mo sọ èyí fún Bàbá, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ìyá Dúpẹ́, àwọn obìnrin yẹn gan-an ni olùrànlọ́wọ́." Mo ní ohun tí mò ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti fi ìlànà dè é. Ọ́fíṣà kan tí wọ́n yàn ni yóò lọ sọ ọ́ lójúkojú, nínú aṣọ iṣẹ́, láàárín aago márùn-ún ìdájí sí aago méjìlá òru. Àlùfáà á bá a lọ, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni wọ́n máa fi ṣe ẹni tí yóò sọ ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún gan-an ti wà nílẹ̀, ó ṣe ṣókí, ó dárúkọ ẹni tó kú, ó sì sọ pé ó kú. Nígbà tí Bàbá ń ṣàlàyé rẹ̀, ààfáà ọmọ Ìwó kan nínú kíláàsì mi orí. Ó ní, "Àwọn òyìnbó yìí mà le o. Ṣé wọn ò lè jẹ́ kí obìnrin náà kọ́kọ́ mu omi ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹjọ́ rẹ̀ dára. Ẹni tó bá wọ agboolé Yorùbá láìkí ará ilé, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ní lágbájá kú, wọ́n á lé e jáde ni. Kí ẹ kí wọn. Kí ẹ jókòó. Kí ẹ rí i pé àgbà kan wà nítòsí. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ wá sọ ọ́ ní gbólóhùn kan tí kò ní ẹ̀ka. Irọ́ nìkan ni mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀, àṣà ò dí wọn lọ́wọ́.

Nǹkan míì tún wà tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ olùrànlọ́wọ́ máa jẹ mí lọ́kàn. Òfin pàápàá kò rí i. Àdéhùn Geneva àkọ́kọ́, ti 1864, tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ṣe òfin ogun, ti ka àlùfáà mọ́ àwọn tó ń tọ́jú ẹni tó fara gbọgbẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bá jà. Èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 1949 tún là á mọ́lẹ̀ sí i: wọn ò gbọ́dọ̀ yìnbọn lu àlùfáà tó ń bá ọmọ ogun rìn, bí ọ̀tá bá sì mú un, kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n ogun, wọ́n kàn lè dá a dúró kó máa bójú tó ọkàn àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni. Kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ nípa ẹni tó ń tẹ́ ẹní ìrun, tó ń gbé àpótí tí ife Oúnjẹ Olúwa wà, tó ń wa mọ́tò. Nínú ẹgbẹ́ ológun Amẹ́ríkà, àlùfáà kì í gbé ìbọn; olùrànlọ́wọ́ ló ń gbé e, òun ló ń ṣọ́ ọ̀gá rẹ̀. Jagunjagun bíi ti gbogbo ayé ni lójú òfin. Àwọn méjèèjì á jọ wọ inú ewu kan náà, ààbò ìwé á bo ọ̀kan, èkejì á dúró síta.

Bàbá fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn àwọn àlùfáà mẹ́rin tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi Dorchester. Ọjọ́ kẹta oṣù Fẹ́búárì 1943 ni, ọkọ̀ náà ń kó ọmọ ogun Amẹ́ríkà lọ sí Greenland, ó gbé ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún èèyàn lọ, ni ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì bá yìnbọn lù ú lóru. George Fox àti Clark Poling jẹ́ Pùròtẹ́sítáǹtì, John Washington jẹ́ Kátólíìkì, Alexander Goode jẹ́ Júù. Nígbà tí ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, tí wọ́n ń pín, ti tán, àwọn àlùfáà náà bọ́ tọrùn tiwọn fún àwọn ọmọ ogun, wọ́n fọwọ́ kọ́ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ń gbàdúrà títí ọkọ̀ fi rì. Mo ti sunkún sí ìtàn yìí láìgba owó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, mo bi Bàbá pé ta ló ń bá wọn pín ẹ̀wù náà. Bàbá ní kí n jẹ́ kí òkú ó sùn.

Ọmọ tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé kíláàsì kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lánsì Kọ́pùrà ni, obìnrin, ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí. Fáàdá ọ̀dọ́ kan ni wọ́n so ó mọ́. Lọ́jọ́ náà, irú opó tó nira jù ni mo fẹ́ ṣe, èyí tí kì í sunkún. Mo ní kí n sọ fún yín, òun ló ń já àwọn àlùfáà láyà ju ẹni tó ń yí nílẹ̀ lọ.

Kí wọ́n tó wọlé rárá, mo gbọ́ ohùn ọmọbìnrin náà níta. Ó ń bá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèré mi sọ̀rọ̀, èyí tó ń ṣe aládùúgbò. Kò sọ ohun tí wọ́n bá wá fún un. Ó kàn ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ má tíì lọ sọ́jà, ó lè jẹ́ pé a máa nílò yín." Wọ́n wọlé. Fáàdá kí mi, ó jókòó, ó wò mí lójú. "Màdáámù, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kò dára. Ọkọ yín, Sájẹ́ǹtì, kú lánàá lójú ogun. Ẹ kú ìrọ́jú." Mo ní, "Ẹ ṣé, Fáàdá." Mo yí padà sídìí ìkòkò, mo ń ro ọbẹ̀ mi lọ.

Fáàdá dákẹ́. Ìyẹn ti dára. Lẹ́yìn náà, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, mo rí ètè rẹ̀ tó ń mì. Ọmọbìnrin náà gbójú sókè wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó pa ẹnu dé. Ó rọra wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó yí iná sítóòfù wálẹ̀, kò pa á. Ó jẹ́ kí ṣíbí wà lọ́wọ́ mi. Ó bá mi tú ọ̀já, ó gba ọmọ. Fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí àga, Bàbá ló fi ìyẹn kún un láìsọ fún mi, ó sì gbé e, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó ní, "Mà, ta ni kí n bá yín pè?" Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ títí eré fi parí.

Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló dé tó fi dojú fóònù délẹ̀, ó ní àwòrán òkú ṣọ́jà máa ń yára dé orí WhatsApp ju ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ lọ, òun ò fẹ́ kí n rí i nígbà tí ọwọ́ mi wà nídìí iná. Fáàdá ló dáhùn, kì í ṣe Bàbá. Ó ní òun ò mọ̀ pé fóònù dún.

Ohun míì tí wọn kì í kọ́ olùrànlọ́wọ́ tó ni ẹnu. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn ọ́fíìsì. Ó mọ̀ pé Sájẹ́ǹtì lágbájá tún wá lọ́sẹ̀ yìí, pé ojú rẹ̀ pọ́n nígbà tó jáde. Fáàdá tó gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni láéláé, òfin ìjọ dè é. Ní Amẹ́ríkà, àṣírí tí ṣọ́jà bá sọ fún olùrànlọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, ààbò kan náà ló wà lórí rẹ̀ bíi ti àlùfáà. Ṣùgbọ́n bárékè ni à ń sọ yìí. Bí ilé ṣe sún mọ́ ilé níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ kó tó gba ojú fèrèsé.

A dán wọn wò láìsọ fún wọn. Lásìkò ìsinmi ọ̀sán, mo wọ aṣọ míì, mo wé gèlè, mo lọ bá Kọ́pùrà ọjọ́sí nídìí ìyá olóúnjẹ. Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé lóòótọ́ ni pé ọkọ Ìyá Bọ́sẹ̀ ń wá sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá yín?" Ó ní, "Ha, Mà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò lè sọ." Ó gé ẹran, ó jẹ ẹ́. "Ṣùgbọ́n nǹkan ń ṣe bàbá yẹn o." Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín, ojú tì í. Nígbà tó kan Lánsì Kọ́pùrà, mo bi í ní ìbéèrè kan náà. Ó fún mi láyè jókòó. Ó ní, "Mà, ṣé ẹ̀yin fúnra yín fẹ́ rí Fáàdá ni? Mo lè bá yín bi wọ́n nígbà tí àyè bá wà." Mo jókòó níbẹ̀, èmi tí mo wá ṣòfófó, mo wá ń rò ó bóyá ó yẹ kí n lọ rí Fáàdá lóòótọ́.

Èyí tó wúwo jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ẹni tó fẹ́ pa ara rẹ̀. Ọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa ló ń ṣe ṣọ́jà tó ti ojú ogun dé. Yóò ní, "Ó ti sú mi. Ì bá dára kí n má jí lọ́la." Kíá ni àlùfáà á ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹ má fẹnu yín sọ bẹ́ẹ̀!" Ìyẹn nìkan ti tó. Ẹnu ọkùnrin náà á pa dé, kò ní là á mọ́. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ ti rí i pé bíbéèrè ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ kì í gbìn ín sí i lọ́kàn, pé kéèyàn bi í tààrà ló dáa: ṣé o ti ń rò ó pé kí o pa ara rẹ? Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ jáde nínú kíláàsì. Bàbá ní kí gbogbo wọn jọ kà á sókè bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ṣe ń ka a, b, d, títí ahọ́n wọn fi gbà á.

Lèmọ́mù wá sọ ohun tí mi ò tíì rò rí. Wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni nínú ẹ̀sìn méjèèjì, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn sì ti pẹ́ tó ti kọ ọ́ ní abala 327 pé ẹni tó bá gbìyànjú rẹ̀ lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan. Ta ni ṣọ́jà á wá sọ ọ́ fún? Àlùfáà ni ẹni ìkẹyìn. Pásítọ̀ ò lè gbọ́ ọ, ọ̀gá ò lè gbọ́ ọ. Ọmọ tí wọ́n jọ ń to àga lẹ́yìn ìsìn ló máa sọ ọ́ fún, á fi ẹ̀rín bò ó. Tàbí kó má sọ ọ́ rárá, kó máa fi bàtà rẹ̀ ta ẹni yìí lọ́rẹ, kó fi fóònù ta tọ̀hún. Olùrànlọ́wọ́ ló wà nítòsí láti rí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kékeré kan jáde lọ́dún 2011 lórí bí a ṣe ń kọ́kọ́ ran ẹni tí àjálù bá lọ́wọ́, iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n sì kó o jọ sí: wò ó, gbọ́ ọ, so ó mọ́ ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́. Bí mo ṣe rí i, àlùfáà ló ni àárín. Iṣẹ́ méjì tó kù, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń ṣe é.

Ti ẹ̀sìn kò nira fún wa ní Òṣogbo bí àwọn àlejò ṣe rò. Alhájì, Díákónéèsì àti Ìyá Ọ̀ṣun lè wà nínú agboolé kan náà kí wọ́n jọ jẹ ẹran iléyá. Pásítọ̀ tó bá bá opó Mùsùlùmí nínú ilé mọ̀ pé kì í ṣe òun ni yóò ṣe àdúrà, olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ló yẹ kó ti mọ nọ́ńbà Lèmọ́mù. Ìbéèrè tó dá kíláàsì dúró ni èyí tí Kọ́pùrà, Kọ́pùrà ọjọ́sí náà, béèrè: ṣọ́jà tó jẹ́ olórìṣà ńkọ́, ta ló ni tiwọn? Ẹ̀ka mẹ́ta tí mo kà ṣáájú, kò sí tiwọn níbẹ̀. Bàbá ní lọ́dún 2005 ni ilé-iṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yan àlùfáà Mùsùlùmí, ti Híńdù, ti Búdà àti ti Síìkì, pé ayé ń yí díẹ̀díẹ̀. Ọdún 2005 yẹn náà ni UNESCO kọ Igbó Ọ̀ṣun sínú ìwé ogún àgbáyé. Mo wò ó pé ẹni tó béèrè kì í ṣe ẹni tó ń wo ògiri mọ́.

Ìjà tí mò ń bá Bàbá jà báyìí, tìtórí àkókò ni. Nínú ètò wọn, àárọ̀ àti ọ̀sán ni ti àwọn àlùfáà: bí a ṣe ń wàásù lójú ogun, bí a ṣe ń gba ọ̀gá nímọ̀ràn, òfin, ìwé kíkọ. Àwọn olùrànlọ́wọ́ á jókòó sẹ́yìn, wọ́n á pè wọ́n wá gbé àga nígbà tí eré bá kù díẹ̀. Mo ní èyí ò tọ́. Bàbá ní owó gbọ̀ngán ò tó fi ọjọ́ kún ọjọ́. Mo ní kí wọ́n mú un kúrò lára ìwàásù, pé gbogbo àwọn ọmọ náà ló ti mọ ìwàásù ṣe kí wọ́n tó dé, òun ni wọ́n fi ń jẹun. A fà á títí. Ohun tí wọ́n gbà ni pé lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan, olùrànlọ́wọ́ ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àlùfáà á dákẹ́ gbọ́. Kò tó lójú mi, ṣùgbọ́n mo ti gbà á.

Àwọn míì ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún Ọ̀ṣun. Mo ti sọ fún Bàbá pé opó tó báyìí, kí wọ́n wá ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ mi fún ìyẹn. Ìyá ọkọ ni mo fẹ́ ṣe. Ìyá ọkọ kì í bá àlùfáà sọ̀rọ̀, ó ń bọ̀wọ̀ fún un jù. Ọmọ kékeré tó tẹ̀ lé e wá ló ń dì mú láṣọ. "Ìwọ, ṣé ìwọ rí ọmọ mi? Ṣé o wà níbẹ̀? Ta ló ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀? Ta ni orúkọ rẹ̀ wà nínú fọ́ọ̀mù, ṣé èmi ni àbí obìnrin yìí?" Ó kéré tán, mo ní ogún ìbéèrè nílẹ̀ báyìí, mo ṣì ń kọ wọ́n.